Ilé tí mo fẹ́ kọ́ sí ìgbèríko Kétu: àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, irú ilé wo ló yẹ, omi ńkọ́?

Ọmọ_Idigny

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Kútọnu ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n abúlé kan lábẹ́ Idigny, ní kọ̀mínù (ìjọba ìbílẹ̀) Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí bàbá mi sí. Èmi àti ìyàwó mi ti pinnu pé tí mo bá fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́ta sí i, ilé là ń lọ.

Mo délé lóṣù tó kọjá, n kò mọ ìdajì àwọn tí mo bá níbẹ̀. Ojúlé méjì péré nínú agboolé wa ló ṣì ní àgbàlagbà nínú. Ìyókù, ọmọdé ló kún ibẹ̀, àti àwọn àlejò tó wá dáko. Ilé alámọ̀ tí wọ́n bí bàbá mi sí ti wó lápá kan, páànù orí rẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé èèyàn lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní kó máa ka ìràwọ̀.

Ẹ bá mi dá sí i. Àwọn wo gan-an ló ń gbé ìgbèríko wa báyìí? Ṣé kí n tún ilé yẹn ṣe ni, àbí kí n wó o kí n fi bíríkì kọ́ tuntun? Ojú ọjọ́ ńkọ́, nítorí àbúrò mi ní òjò kò rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n jókòó sí Kútọnu mi o. Omi tó wọ yàrá wa ní Òkúdù tó kọjá ti bá mi sọ ìyẹn tán.

Bàbá_Tísà

O káre, ọmọ mi. Ìgbà tí mo fi kọ́ ọmọ níwèé ní Kétu lé ní ọgbọ̀n ọdún, jẹ́ kí n fi iye bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2002, 100,499 ni wọ́n bá ní gbogbo kọ̀mínù Kétu. Wọ́n tún kà ní 2013, ó ti di 157,352. Ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín méjèèjì! Gbogbo Bẹ̀nẹ̀ náà pọ̀ sí i lóòótọ́, láti bíi mílíọ̀nù 6.8 dé mílíọ̀nù 10, ṣùgbọ́n eré tí Kétu sá ju ti orílẹ̀-èdè lọ. Àwọn tí o bá nínú agboolé yín tí o kò mọ̀ wà nínú iye yẹn.

Ohun tó ń fà wọ́n ni ilẹ̀. Kọ̀mínù wa fẹ̀ tó 1,775 kìlómítà onígun mẹ́rin. Pín àwọn èèyàn 2013 sí i, kò ju bíi mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún lọ lórí kìlómítà kan. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ wá, níbi tí ilẹ̀ oko ti tán, á rò pé igbó ọdẹ lòun dé. Fọ̀n àti Maxí wá láti ìwọ̀-oòrùn, Ọ̀họ̀rí láti apá Pọ́bẹ̀, Fúlàní kó màlúù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Arọ́ńdísímà (ẹ̀ka kọ̀mínù) mẹ́fà la ní: Kétu, Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odometa, Okpometa. Dé ọjà Adakplamè, kí o wá sọ èdè tí o gbọ́ fún mi.

Kò sì yẹ kó bí ọ nínú. Àwa tí à ń pera wa ní onílé, Ifẹ̀ la ní a ti wá. Nígbà tí Dàhòmì sì tú Kétu ní 1886, ahoro ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀ tán ni àwọn tó kù lẹ́rú padà wá tún ìlú tẹ̀ dó, ní bíi 1893. Ìlú tí gbogbo ará rẹ̀ ti padà dé lẹ́ẹ̀kan rí ni ìlú wa.

Ìyá_Àgbàdo

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ka èèyàn tán, ẹ ò sọ ibi tí wọ́n wà.

Ní abúlé tèmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti mọ ọ̀kadà gùn, ó di Kútọnu tàbí Nàìjíríà. Ìgbà òkú tàbí ìgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la máa ń rí wọn. Ìyàwó á tẹ̀lé ọkọ tó bá yá, wọ́n á sì kó ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Ọmọ ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi báyìí tí mò ń tẹ̀wé yìí; èyí àbíkẹ́yìn ló ń bá mi wá àmì ohùn lórí fóònù. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè láti Ògún 2019 títí di Ọ̀pẹ 2020, gbogbo wọn dé, ilé kún, oko kún, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi sùn. Bí ẹnubodè ti ṣí, wọ́n gbéra. Àwọn tí kò lọ ni àwọn tó ń ta bẹntiróò kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, létí títì. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 tí kpayo gbówó lórí, méjì nínú wọn wá bẹ̀ mí fún ilẹ̀ àgbàdo.

Nítorí náà, ọmọ wa Idigny, tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé ọmọdé àti arúgbó lẹ óò bá. Àwọn tó wà láàárín wà lójú títì.

Ti òjò, ẹ gbọ́. Òjò ti ń tàn wá jẹ. Láyé ìyá mi, Ẹrẹ́nà lòjò àkọ́rọ̀ máa ń dé, a ó gbin àgbàdo kìíní wọ Igbe, a ó kó o kó tó di Ògún tí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré bá wá. A ó tún gbin èkejì ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, ìyẹn á gbó kí ọyẹ́ tó dé. Lọ́dún tó kọjá, òjò kan rọ̀ ní ìparí Ẹrẹ́nà, ó rọ̀ títí ẹran fi sá wọlé. Mo gbin. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló fi lọ. Mo fi ìka hú kóró kan jáde nínú ebè: ó ti wú, ó ti là, ó ń rùn bí ògì tó kan jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbin oko kan náà. Èyí tó tún burú ni pé lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀rùn kékeré tí a fi ń sá àgbàdo kò wá. Òjò ń rọ̀ ní Ògún lórí àgbàdo tó ti gbẹ, àgbàdo náà sì hù lórí igi.

Ará_Ìmẹ̀kọ

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin èèyàn wa lódìkejì ẹnubodè. Ti òjò yẹn kò dá wà lọ́dọ̀ yín, ó ṣe wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo kàn ń kà á lọ ni.

Bíríkìlà_Kétu

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Idigny, ẹ má wó ilé bàbá yín o. Bíríkì tí mo bá tò ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi, nítorí náà tí mo bá ní kí ẹ má wó ilé alámọ̀, kì í ṣe pé mo ń wá iṣẹ́.

Ẹ fi ọwọ́ wọn ògiri àtijọ́ yẹn. Láti ìgúnpá dé orí ìka ni. Oòrùn á máa lù ú láti àárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹni tó wà ní yàrá tó mọ̀ ọ́n lára. Bíríkì oníhò tí à ń tò báyìí, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ wá gbé páànù lé e láìsí àjà. Lọ́sàn-án Èrèlé, onílé ńlá yẹn á gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ máńgòrò ẹni tó ń gbé ilé alámọ̀. Ojú mi ló ṣe, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa ilé alámọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á bọ́ láti etí páànù, á ta sí ìsàlẹ̀ ògiri, á máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ẹ lọ wo ibi tó wó yẹn dáadáa, ìsàlẹ̀ ló ti kọ́kọ́ tín-ín-rín. Ẹ fi òkúta àti sìmáǹtì ká ẹsẹ̀ ògiri tó kù dé orúnkún, ẹ jẹ́ kí etí páànù tuntun yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi àjà sí i. Sìmáǹtì kò jìnnà, Onígbòlò tí wọ́n ti ń ṣe é kò ju ẹsẹ̀ ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ pupa ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ yẹn á wú lásìkò òjò, á là lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn títí ọwọ́ á fi wọnú rẹ̀, á sì máa fa ilé ya. Mo kọ́ ilé kan síbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ìpìlẹ̀ tí a ń ṣe ní Kétu ni mo ṣe sí i. Kí ọdún kejì tó pé, ìlẹ̀kùn kò tì mọ́. Tí mo bá ń kọjá níbẹ̀, òdìkejì ọ̀nà ni mo máa ń wò.

Ọmọ_Idigny

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ti gba owó kan sílẹ̀ fún mi. Ilẹ̀ wa pupa, bí ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo ní láti sọ òótọ́ nípa àwọn àlejò yẹn. Kì í ṣe pé mo kórìíra wọn. Ẹnì kan dáko dé ẹ̀yìnkùlé wa, tí mo bi í, ó ní àbúrò bàbá mi ló fún òun. Àbúrò bàbá mi ti kú. Ta ni n ó bi?

Omi ńkọ́? Mo rò pé tí mo bá débẹ̀, n ó kàn gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ_Ṣábẹ̀

Hà! Ó ní òun ó kàn gbẹ́ kànga. Ní Kétu! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti lówó okùn?

Ẹ má bínú, àwàdà ni. Àwa ará Ṣábẹ̀ kò tó ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni lórí omi. Tiwa, òkúta lẹ ó kọ́kọ́ bá. Àwọn òkè ńlá tí ẹ ń rí tí ẹ bá ń kọjá lọ Parakou, wọ́n ní ìbátan lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá mi gbẹ́ kànga mẹ́ta kí ẹ̀kẹrin tó lómi, èyí tó sì lómi yẹn ń gbẹ ní Ẹrẹ́nà. Òkúta ọ̀hún tún ń gba oòrùn lọ́sàn-án tó ń tú u jáde lálẹ́, kò jẹ́ ká sùn. Ẹ̀ka tó ń wọn ojú ọjọ́ ní ilé iṣẹ́ kan nílùú wa, ẹ lè bi wọ́n tí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa.

Ilé wa kéré sí tiyín ní èèyàn: 67,753 ní 2002, 87,177 ní 2013. Àmọ́ kájú wa pọ̀ ju àgbàdo yín lọ. Mo ti lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oko

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ṣábẹ̀ ò ní pa wá 😂

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Kì í ṣe ọmọ Kétu ni mí o, ìwé ló gbé mi wá, yunifásítì ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 2013. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tísà tó sọ̀rọ̀ àlejò, torí àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà wà nínú ẹ. Àwọn onílé ti rí wa: wọ́n ń kọ́ yàrá kan-yàrá kan lórí ìlà, páànù, kò sí àjà, fèrèsé tó tó ìwé ìléwọ́. Lọ́sàn-án, ìwé gbígbóná ni mò ń kà. Nínú ilé mẹ́jọ tí mo wò kí n tó rí èyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo kọ́ láti máa bi ni: "Ṣé ilé ní sìtẹ́ẹ̀nì?" Ọ̀rẹ́ mi tí kò béèrè, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì sí láti Ṣẹ́rẹ́ títí òjò fi dé.

Ará_Ìmẹ̀kọ

Ẹ dákun, kí ló ń jẹ́ sìtẹ́ẹ̀nì? Èdè Faransé yín yìí.

Bíríkìlà_Kétu

Kòtò omi abẹ́ ilẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, tí a fi sìmáǹtì rẹ́ nínú tí a dé lórí. Omi òjò orí páànù là ń darí sínú rẹ̀. Orí òkè ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn púpọ̀, láti ayébáyé ni wọ́n sì ti ń gbá omi òjò jọ níbí. Àwọn àgbà ní ọ̀ràn omi wà lára ohun tó ń ba ìlú lẹ́rù nígbà ogun. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ omi ìjọba lẹ́nu ọ̀nà ti bọ́. Abúlé Ọmọ Idigny ń kọ́?

Ọmọ_Idigny

Ẹ̀rọ kan ló wà fún gbogbo abúlé, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú sí agboolé wa. Mo bá àwọn ọmọbìnrin tó tò sídìí ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Mo rò pé wọ́n ń lọ sílé ìwé ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oko

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ó rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Ẹ jẹ́ ká ní páànù ilé yín bo mítà mẹ́wàá sí mẹ́jọ, ọgọ́rin nìyẹn. Òjò Kétu máa ń wà láàárín 1,000 sí 1,200 mílímítà lọ́dún. Tí a bá mú 1,100, lítà 88,000 ló ń ṣubú sórí ilé yín lọ́dọọdún. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, 70,000 àti díẹ̀ ló kù.

Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá ńkọ́? Àárín Bélú sí àárín Ẹrẹ́nà, ọgọ́fà ọjọ́. Tí èèyàn mẹ́fà bá ń lo ogún lítà lóòjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, 14,400 lítà ni. Kòtò tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní méjì àbọ̀, tó jìn ní méjì, á gba 15,000. Òjò ńlá kan tó tó ọgbọ̀n mílímítà á fi bíi 1,900 síbẹ̀, nítorí náà òjò bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ á kún un. Ogún lítà kò ní tó fún ẹni tó fẹ́ dúró sábẹ́ ṣáwà kó máa kọrin o. Ti Kútọnu nìyẹn.

Ìyá_Àgbàdo

Ọmọ yìí, ta ló bí ọ? Ó ti ka òjò.

Mo ní díẹ̀ tí ìṣirò kò sọ. Òjò àkọ́rọ̀, ẹ má gbà á sínú sìtẹ́ẹ̀nì. Gbogbo eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ alángbá, orí páànù ni wọ́n wà. Ẹ yí páìpù síta kí òjò méjì àkọ́kọ́ fọ orí ilé, kí ẹ tó dá a padà. Ọdún tí mo gbàgbé, inú run gbogbo ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Páànù tó ti dípẹtà bíi tiyín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù, torí ẹ̀fọn mọ ọ̀nà ju yín lọ. Agbè tí ẹ fi ń pọn ọ́n, kí ó jẹ́ ti inú rẹ̀ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀.

Nípa ti ẹni tó dáko dé ẹ̀yìnkùlé yín: Maxí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí àwọn ọmọ mi ń pè ní àlejò. Ọdún tí mo gbin ẹ̀ẹ̀mẹta, irúgbìn mi tán. Òun ló fún mi ní ti ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ lọ kí i pẹ̀lú obì kí ẹ tó béèrè ìwé.

Bàbá_Tísà

Kí i pẹ̀lú obì, kí o sì tún béèrè ìwé. Ìyá Àgbàdo, ẹ má bínú.

Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2013 ti yí nǹkan padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu pé "bàbá ló fi sílẹ̀" kò tó mọ́ níwájú adájọ́. Pe ìpàdé ẹbí, kí gbogbo àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà fọwọ́ sí ìwé, títí kan àwọn obìnrin, torí òfin náà mọ ẹ̀tọ́ wọn. Kí ẹni tó ń dáko náà jókòó síbẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí oko rẹ̀ dé àti bó ṣe gbà á. Lẹ́yìn náà kí o lọ sí lámẹ́rì, ọ́fíìsì kọ̀mínù, fún ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ àjogúnbá ni, kí o tó bẹ̀rẹ̀ títìrì fọ́nsíyè, ìyẹn ìwé àṣẹ pé ìwọ lo ni ilẹ̀. Má ṣe ògiri kan kí ìyẹn tó tán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́lé tán, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù. Ọdún kẹsàn-án nìyí, àgbò ló ń gbé ilé náà.

Ọmọ_Ṣábẹ̀

Àgbò ṣáà ń sùn dáadáa.

Ọmọ_Idigny

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà sílé lópin ọ̀sẹ̀. Mo gbé obì lọ bá ẹni ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀họ̀rí ni, Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó fi ibi tí àbúrò bàbá mi ti wọn ẹsẹ̀ fún un hàn mí, igi ìyeyè ni ààlà. Ìpàdé ẹbí di ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀.

Mo wo ẹsẹ̀ ògiri bí Bíríkìlà ti wí. Lóòótọ́ ni, mo fi ọwọ́ méjèèjì wọ abẹ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ jẹ. Òkè rẹ̀ le bí òkúta, ìka ọwọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ ṣì hàn lára rẹ̀. Àǹtí mi ní ìyá bàbá mi ló rẹ́ ẹ. A kò ní wó o.

Ìyàwó mi ní kí a kọ́ sìtẹ́ẹ̀nì ṣáájú gbogbo rẹ̀. Bíríkìlà, ṣé a lè gbẹ́ ẹ ní Ṣẹ́rẹ́, kí a fi páànù tuntun sí orí ilé kí Ẹrẹ́nà tó dé?

Bíríkìlà_Kétu

A lè ṣe é. Ṣẹ́rẹ́ gan-an ló dáa, ilẹ̀ gbẹ, kòtò kò ní ya lù wá. Àmọ́ omi tí a ó fi po sìmáǹtì, ẹ ó rà á. Ẹ gbàgbé ìyẹn, àbí?

Ọmọ_Idigny

Mo gbàgbé.

Ìyá_Àgbàdo

Mo ní sìtẹ́ẹ̀nì méjì. Ẹ wá pọn ún lọ́dọ̀ mi, kẹ́ẹ̀gì lẹ ó mú wá. Ẹ bi Bíríkìlà, ó mọ ilé mi, òun ló ṣe ìdérí tó wúwo tí n kò lè ṣí fúnra mi.

Bíríkìlà_Kétu

Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí ewúrẹ́ má lè ṣí i.